Ẹ Bi Iná Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Mọ́tọ̀ Wíńdò

Bí gíláàsì ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò gòkè mọ́, gbólóhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa n'Íbàdàn máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí a bá gbé ọkọ̀ lọ bá: "Mọ́tọ̀ ẹ̀ ti jó, mọ̀mí. Ẹ mówó wá, ká lọ Gate." Kò tíì ṣí ilẹ̀kùn wò. Kò tíì fọwọ́ kan fíúsì. Kò bèèrè bóyá àwọn gíláàsì tó kù ń ṣiṣẹ́. A ti dájọ́ láì gbọ́ ẹjọ́. Oníbàárà á yọ owó, ọmọ iṣẹ́ á gun ọ̀kadà lọ sí Agodi-Gate, wọ́n á gbé mọ́tọ̀ tòkunbọ̀ dé, wọ́n á dè é, gíláàsì á sì dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á wá ní ó lè jẹ́ súwíìṣì. Ẹni tó bá sì ti ra páàtì iná rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dè é mọ́ ọkọ̀, ọlọ́jà kì í gbà á padà.

Ohun tí mò ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ san owó páàtì iná kankan láì jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wọn iná náà lójú rẹ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n fún un, kó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le tó bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní ìlú yìí. Corolla 2005 ni mò ń wà, ọ̀kan nínú àwọn tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé. Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n gbọ́ èdè mítà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò gba ìwé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ní mítà báyìí nítorí ínfátà àti sólà. Ẹni tó bá lè fi í wọn bátìrì ínfátà lálẹ́ tí iná bá lọ, ó lè tẹ̀lé iná gíláàsì ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ gíláàsì kéré. Ẹ wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road lọ́sàn-án oṣù Kẹta, kí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé, kí éyàkọ̀ má ṣiṣẹ́, kí ọmọ wà lẹ́yìn. Tàbí kí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà wà ní ṣíṣí gbayawu, kí ilẹ̀ ṣú bá obìnrin tó ń dá wakọ̀ bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná ṣì ń jọba lójú títì wa, ọwọ́ ni a fi ń yí gíláàsì ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì sí ohun tí iná máa bàjẹ́ níbẹ̀. Báyìí, iná ti gba iṣẹ́ náà. Ó yẹ ká mọ ọ̀nà tí iná náà ń gbà.

Ọ̀nà náà kò gùn. Láti bátìrì, iná gba inú fíúsì kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ó tún gba inú rìlé tó máa ń jí nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Láti ibẹ̀ ó lọ sí súwíìṣì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìdè ilẹ̀kùn bọ́ sínú ilẹ̀kùn, ó sì dé ìdí mọ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ́ gíláàsì. Ìrìn rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jáde lára mọ́tọ̀, kó padà gba inú súwíìṣì, kó tó lè dé irin ara ọkọ̀ tí àwọn rewáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń pè ní áàtì, níbi tó ti ń padà sí orí négétífù bátìrì. Bí ọ̀nà àbọ̀ yìí bá gé, bí iná tó ń lọ ṣe lágbára tó, mọ́tọ̀ kò ní yí.

Ibi tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò nìyí. Mọ́tọ̀ gíláàsì nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní áàtì tirẹ̀. Wáyà méjì tó nípọn ló wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí gíláàsì gòkè, súwíìṣì á fi iná sí wáyà kìn-ín-ní, á sì so èkejì mọ́ áàtì. Bí ẹ bá fẹ́ kó sọ̀kalẹ̀, á pààrọ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan súwíìṣì, wáyà méjèèjì ló wà lórí áàtì. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ Toyota bíi tèmi, áàtì ilẹ̀kùn èrò gbọ́dọ̀ gba inú súwíìṣì àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà kó tó dé ara irin. Gíláàsì ẹ̀yìn lè kọ̀ nítorí àìsàn tó wà nínú ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n á tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á ra mọ́tọ̀ fún un, wọ́n á ra súwíìṣì fún un, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é.

Kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan jáde, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ dán gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti súwíìṣì àgbà àti láti súwíìṣì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ mọ́tọ̀; mọ́tọ̀ mẹ́rin kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Fíúsì, rìlé tàbí áàtì súwíìṣì àgbà ni kí ẹ wá lọ. Bí ti dírẹ́bà bá ń ṣiṣẹ́ tí ti àwọn èrò kọ̀, ẹ wo bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ti gíláàsì èrò pa. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì yìí ni ọmọ kékeré kan tẹ̀. Bí gíláàsì kan bá gbọ́ ti súwíìṣì àgbà ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ti súwíìṣì ilẹ̀kùn rẹ̀, súwíìṣì ilẹ̀kùn náà ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá gbọ́ ti èyíkéyìí, ó kù sí wáyà, mọ́tọ̀, tàbí ọ̀nà áàtì tó gba inú súwíìṣì àgbà.

Ẹ dúró di alẹ́ kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú iná inú ọkọ̀ ní títàn, láì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ súwíìṣì gíláàsì tó kọ̀, kí ẹ máa wo gúlóòbù orí yín. Bí ó bá ṣe bàìbàì díẹ̀, iná ń dé ìdí mọ́tọ̀, ohun kan ló di mọ́tọ̀ náà mú. Bí kò bá yí padà rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná kò dé ibẹ̀. Kí ẹlòmíràn tẹ súwíìṣì náà mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀. Bí gíláàsì bá ta gìrì tó sì rìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù inú mọ́tọ̀ ti jẹ tán. Mọ́tọ̀ yẹn ni kí ẹ fura sí, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa fi iná kàn án kí ẹ tó ra òmíràn. Owó kankan kò tíì jáde lápò yín títí di ìgbà yìí.

Mọ́tọ̀ kan tún wà tó máa ń ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀, tó máa dákẹ́ lọ́sàn-án, tó sì máa jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìyẹn kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀ gíláàsì ní ohun kékeré kan nínú tó máa ń gé iná kúrò tí ooru bá pọ̀ jù, tó sì máa ń dá a padà tí ara rẹ̀ bá tutù. Rọ́bà tí gíláàsì ń yọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ẹ bá wí. Eruku ọyẹ́ ti kún inú rẹ̀, ó ti gbẹ, mọ́tọ̀ sì ń làágùn kó tó lè wọ́ gíláàsì kọjá. Ẹ nu rọ́bà náà mọ́, ẹ fún sílíkóònù sí i. Ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì kùn ún, nítorí epo á tún fa eruku mọ́ra.

Bí a bá wá ti mọ ibi tí a ń lọ, ẹ gbé mítà. Ẹ yí i sí fóòtì DC, ní 20. Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì: bí ó bá ti sinmi tó sì kún, ó yẹ kó ka nǹkan bí 12.6, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á wà láàárín 13.8 sí 14.5 tàbí súnmọ́ ọn. Bátìrì tó ń ka 11 lè mú kí gíláàsì lọ́ra bí ìgbín, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi ilẹ̀kùn kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé fíúsì. Ẹ̀yìn ìbòrí rẹ̀ tàbí ìwé ọkọ̀ ló máa fi fíúsì gíláàsì hàn yín; nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ti ámpíà 20 sí 30 ni wọ́n máa ń lò. Ẹ ò tilẹ̀ nílò láti fà á yọ. Lórí fíúsì pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, ojú irin tín-ín-rín méjì ló yọ sókè. Ẹ fi dúdú mítà kan irin ara ọkọ̀ tó mọ́, kí ẹ fi pupa kan ojú méjèèjì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON. Bí 12 bá wà lójú méjèèjì, fíúsì dára. Bí ó bá wà lójú kan tí kò sí lójú kejì, fíúsì ti jó, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ohun tó jó o.

Mo gbọ́dọ̀ dúró níbí yìí díẹ̀. Àwọn kan máa ń ká wáyà tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ẹsẹ̀ fíúsì tó jó, kí ọkọ̀ ṣáà ti lọ. Àwọn mìíràn á fi 40 sípò 20. Fíúsì ló yẹ kó kọ́kọ́ kú kí wáyà má baà jó. Bí ẹ bá sọ fíúsì di alágbára ju wáyà lọ, wáyà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa gbóná dípò rẹ̀, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́, iná á sì gba inú ọkọ̀ tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín jókòó sí. Kò sí gíláàsì tó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó bá wá di dandan láti ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fara balẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti wọ́ọ̀ṣì onírin kúrò lọ́wọ́. Iná 12 kì í gbé èèyàn, ṣùgbọ́n bí irin bá so pọ́sítífù pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, òrùka lè gbóná débi pé yóò jó ìka. Wáyà tàbí ẹnu wáyà tó bá ní àwọ̀ ìyeyè sábà máa ń jẹ́ ti éábáàgì. Ẹ má fi mítà kàn án, ẹ má fi tẹ́sítà kàn án, ẹ má tú u. Àwọn ìdè tó di pátákó ilẹ̀kùn mú máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ìdìmú àti nínú ihò tí a ń fọwọ́ fà. Ẹ tú wọn kí ẹ tó rọra fa etí rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn pátákó náà, ẹ máa rí ọ̀rá tó bo ihò irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á ya. Ọ̀rá yẹn ló ń darí omi òjò tó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé kó lè padà jáde nísàlẹ̀. Àìmọye ilẹ̀kùn ni mo ti rí tí wọ́n ti ya tiwọn dànù, tí pátákó wọn ti wú, tí sípíkà wọn ti jẹrà, nítorí ẹni tó tún gíláàsì ṣe kò ka ọ̀rá sí.

Ẹ wá yọ ẹnu wáyà kúrò nídìí mọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ wáyà méjì péré ló wà níbẹ̀, ẹ fi pupa mítà sínú ojú kan, dúdú sínú èkejì. Kí ẹnìkan tẹ súwíìṣì sókè: mítà á ka nǹkan bí 12. Kó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀: á ka 12 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Bí ẹ bá rí méjèèjì, súwíìṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì bínú sí súwíìṣì. Ẹ mú dúdú mítà kúrò nínú ẹnu wáyà, ẹ fi kan irin ara ọkọ̀, kí ẹ wọn ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí 12 bá wá yọ níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé láàárín wáyà méjèèjì kò sí nǹkan kan, iná ń wá ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà padà. Ọ̀nà áàtì ló gé. Ẹ lọ wo súwíìṣì àgbà àti wáyà tó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Àyẹ̀wò yìí nìkan ì bá ti gba àìmọye mọ́tọ̀ tó dára lọ́wọ́ àkìtàn.

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má jẹ́ kí 12 tàn wọ́n jẹ. Mítà ìgbàlódé kì í mu iná. Ìdènà inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 10 óòmù. Wáyà tí okùn ẹyọ kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀ lè gbé 12 dé ọ̀dọ̀ mítà láì ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí mọ́tọ̀ bá bèèrè ámpíà tirẹ̀, kò ní rí i gbà. Nítorí náà, ẹ fi ẹrù lé wáyà. Ẹ wá gúlóòbù bíréèkì ti wọ́ọ̀tì 21, kí ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, kí ẹ fi sáàárín ojú méjèèjì nídìí mọ́tọ̀. Wọ́ọ̀tì 21 lórí fóòtì 12 jẹ́ ámpíà 1.75, ó sì tó láti tú àṣírí wáyà tó ti rẹ̀. Bí gúlóòbù bá tàn rekete nígbà tí ẹ tẹ súwíìṣì, wáyà yín yè. Bí ó bá tàn bí iná àdògán tó fẹ́ kú, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe yín.

Ibo wá ni wáyà ti máa ń gé? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé l'Ábẹ́òkúta ní Camry kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Gíláàsì iwájú lápá ọ̀tún kọ̀. Wọ́n ti bá a ra mọ́tọ̀ níbì kan, kò gbọ́. Wọ́n ní kó tún wá owó súwíìṣì. Mo ní kó jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ súwíìṣì mọ́lẹ̀, kó má sì gbé ọwọ́ kúrò. Mo wá ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, mo ń pa á dé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn dé ìdajì, gíláàsì ta kìjí, ó gòkè ìka kan, ó tún dúró. "Ah, kí lo ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n mi kígbe. N kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀kùn ló so wáyà tó ti gé pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín, ẹ wo àárín ìdè méjèèjì. Ẹ máa rí rọ́bà dúdú kan tó ká jọ bí ọrùn ìjàpá, tó ti ara ọkọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ni gbogbo wáyà ilẹ̀kùn gbà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń nà. Mo tú rọ́bà ti ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn. Bí èèyàn bá kàn fojú wò wọ́n, kò sí ohun tó ṣe wáyà kankan. Mo wá ń fi ìka méjì fa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nà bí rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Awọ rẹ̀ ṣì wà lódidi, bàbà inú rẹ̀ ti gé, orí rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewéko nítorí omi. Mo gé ibi tó kú kúrò, mo fi wáyà tó rọ̀ dáadáa tó sì nípọn bákan náà ṣe àfikún, mo jó oríkèé méjèèjì ní léèdì, mo sì rí i pé oríkèé kankan kò bọ́ sí ibi tó ń tẹ̀, kó má baà tún gé. Mọ́tọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ yọ jù sínú búùtù, nígbà tí mo fi iná kàn án, ń yí bí òòyì.

Bí a ṣe ń fi iná kan mọ́tọ̀ nìyí, nítorí òun ni ẹ̀rí tó kẹ́yìn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á láì ṣe é. Ẹ mú wáyà méjì láti orí bátìrì, kí ẹ fi fíúsì 20 sáàárín èyí tó ti pọ́sítífù wá. Ẹ fi wọ́n kan ojú méjèèjì mọ́tọ̀ oníwáyà méjì náà. Ó yẹ kó yí. Ẹ pààrọ̀ wọn, kó yí padà sí òdìkejì. Bí ó bá yí ní ìhà méjèèjì, mọ́tọ̀ kò jó, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ. Kí ọwọ́ yín àti tọmọdé jìnnà sí gíláàsì nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, torí iná kì í rọra wọ́ nǹkan. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú mọ́tọ̀ kúrò lára irin tó ń gbé gíláàsì, ẹ kọ́kọ́ fi téèpù tó lágbára so gíláàsì mọ́ orí ilẹ̀kùn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á ré lulẹ̀ sínú ilẹ̀kùn. Àwọn ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí gíláàsì wọn, tí wáyà tín-ín-rín pọ̀ nídìí mọ́tọ̀ wọn, ẹ má ṣe èyí fún wọn rárá. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní sìkánà.

Ohun kan wà nípa súwíìṣì tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wa Toyota tòkunbọ̀ mọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Toyota kéde pé òun ń pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 7.43 padà káàkiri àgbáyé nítorí súwíìṣì àgbà gíláàsì. Gírísì inú rẹ̀ kò tàn dọ́gba, súwíìṣì náà ń há, ó sì lè gbóná títí tó máa fi rú èéfín. Corolla, Camry, RAV4, Yaris, Highlander àti Matrix wà lára wọn. Ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2007 sí 2009 ni wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá 2015, wọ́n tún pe mílíọ̀nù 6.5 mìíràn padà nítorí súwíìṣì gíláàsì kan náà. Ẹ wo òpópónà wa kí ẹ sọ fún mi bóyá ọkọ̀ wọ̀nyí kò sí níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fún epo tàbí òróró kankan sínú súwíìṣì tó bá ń há. Irú epo bẹ́ẹ̀ gan-an wà lára ohun tí Toyota ní ó lè mú kó jó. Bí ọwọ́ yín bá kan súwíìṣì tí ó gbóná, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì yín, ẹ yọ fíúsì gíláàsì kí ẹ tó rìn síwájú. Nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN) tó ní àmì 17, tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ yín, ni ẹ lè fi wò ó lójú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí sí i kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

N kò kọ èyí láti ba iṣẹ́ àwọn rewáyà jẹ́. Mo mọ àgbà ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá tí kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yín kó má kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè bíi mẹ́wàá, tí tẹ́sítà rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́tí rẹ̀ bíi bírò kọ́lékítọ̀. Irú wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ ló ń gba òmìnira láì ní mítà tirẹ̀, wọ́n á ṣe ayẹyẹ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò, irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù kò sì sí nínú àpótí. Mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rewáyà sọ ọ́ di òfin pé ọmọ tó bá fẹ́ gba òmìnira gbọ́dọ̀ fi mítà wá ibi tí wáyà ti gé nínú ilẹ̀kùn kan, lójú àwọn àgbà, kí wọ́n tó gbàdúrà fún un. Àwa oníbàárà náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí wọ́n bá ní mọ́tọ̀ ti jó, ẹ sọ pẹ̀lẹ́tù pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iná kàn án kí n rí i." Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Kí a sì san owó àyẹ̀wò fún wọn, nítorí bí a bá ń sanwó fún páàtì nìkan, páàtì nìkan ni wọ́n á máa rí.

Ní iléèwé, a máa ń fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gúlóòbù kékeré àti okùn wáyà kọ́ àwọn ọmọ ní òfin Óòmù. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á yege nínú WAEC, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní mọ̀ láé pé ohun tí wọ́n kọ́ yẹn ni ó wà nínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá wọn. Mo ti bẹ ọ̀gá iléèwé wa kí a wá ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan sínú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wa, kí àwọn ọmọ SS2 máa fi mítà wá inú rẹ̀. Ó ti gbà. Ilẹ̀kùn Corolla tàbí Camry tó ti fara gbá ló dára jù, tòsì tàbí tọ̀tún, èyíkéyìí ló bá wa lára mu, kódà kí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Panẹbítà tó bá ní irú rẹ̀ nílẹ̀ lè fi ránṣẹ́ sí iléèwé girama èyíkéyìí tó bá súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ó jọ̀ọ́ má gé wáyà rẹ̀ ní ẹnu rọ́bà; kó fi súwíìṣì sílẹ̀ lára rẹ̀, kó sì fa wáyà náà jáde lódidi títí dé ẹnu tó wọ inú ọkọ̀.